Ohun Tí Ìka Ìyá Rẹ Rí Lára Ríìmù

Bakkane,
Lókè àfonífojì,
Ìparí oṣù kẹfà.

Sunniva, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti orí tábìlì ìdáná wa, níbi tí oòrùn ti ń wọlé báyìí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ara Eldrid ọmọ rẹ náà dá ṣáṣá, àti pé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Àwa méjèèjì wà láàyè, a sì wà ní àlàáfíà. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti sọ díẹ̀ fún ọ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yìí ju ohun tí mo lè sọ níbẹ̀ láìjẹ́ kí ohùn mi gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O rántí pé láti ìgbà tí mo ti dákú nínú oko koríko nígbà ìwọ́wé tó kọjá ni dókítà ti ní n kò gbọdọ̀ wa mọ́tò mọ́. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ ló ń wa ọkọ̀. Òun ló ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí ọ̀dọ̀ dókítà. Bọ́ọ̀sì kì í gòkè dé ọ̀dọ̀ wa àfi lọ́jọ́ tí iléèwé bá wà. Ilé tí kò bá ti ní awakọ̀ ní Bakkane, inú àhámọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àhámọ́ tó lẹ́wà ni.

Ní Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí gbogbo àfonífojì jáde wá ra nǹkan. Ìyá rẹ fẹ́ yà wọ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó sún mọ́ òkúta etí ọ̀nà jù, ríìmù táyà méjèèjì tó wà lápá ọ̀tún sì ha òkúta náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Gbogbo orí ló yí. Oddvar, aládùúgbò wa tó ń gbé nísàlẹ̀ odò, dúró tòun ti àpò ọ̀dùnkún lọ́wọ́, ó ní, "Ingebjørg, ṣé o fẹ́ gbé òkúta yẹn lọ sílé ni? Ó ti pẹ́ níbẹ̀ o, jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ dá a lóhùn pé òkúta náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì mú un mọ́.

Mo rò pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Bí mo bá ní ká lọ ra wàrà, á wọ bàtà, á ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó yá, mo bi í léèrè. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá jáde, ibi tí ríìmù bó yẹn ni ojú òun máa ń kọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé ó ń sọ fún òun pé òun ti darúgbó. Dókítà ojú ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn Kérésìmesì, ó sì ní ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tù ú nínú. Ó ní, "Torbjørn, tó bá jẹ́ pé ènìyàn ló dúró síbẹ̀ ńkọ́?"

Bí ọ̀rọ̀ ilé títà ṣe wọlé nìyẹn, Sunniva. A kò fẹ́ sọ ọ́ fún ọ. Ó ti pe ẹni tó ń bá wọn ta ilé nílùú, ẹni náà sì ti sọ fún un nípa yàrá méjì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè. Mo wo òkè láti ojú fèrèsé, mo wo igi ápù tí bàbá mi gbìn, n kò lè jẹun. Láàárín èyí ni ìwé rẹ dé pé Eldrid ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, pé ká wá pàdé rẹ̀ létí omi níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. O mọ ọ̀nà yẹn, bó ṣe ń gun òkè tó sì ń yí wálẹ̀ lódìkejì, tí ọ̀gbun wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá rẹ ní òun kò ní wà á. Ó ní ká bẹ ẹlòmíràn.

Mo wá dá a rò nínú ara mi pé bí mo bá lè mú àpá yẹn kúrò, bóyá ìtìjú náà á bá a lọ. Mo fi jáàkì gbé mọ́tò sókè nínú gáréèjì, mo gbé ìtì igi sí i nídìí, mo sì tú àwọn ríìmù náà. Mo ra sáńpépà, pọ́tì irin, àti agolo ọ̀dà tí a ń fín. Ṣùgbọ́n o mọ ọwọ́ mi látìgbà àìsàn yẹn. Bí mo ṣe ń ha ríìmù ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n, tí sáńpépà ń fò lọ síbi tí n kò rán an. Ìyá rẹ gbé kọfí wá fún mi, ó dúró, ó wò mí títí. Ó ní, "Irin nìyẹn o, Torbjørn. O ń bó o bí ọ̀dùnkún." Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó gba sáńpépà lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Ríìmù ẹ̀yìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi sáńpépà tó le ha ibi tó ti bó títí tí etí rẹ̀ kò fi mú lọ́wọ́ mọ́, ó fi pọ́tì dí àwọn kòtò inú rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sì fi sáńpépà tó kúnná àti omi fọ̀ ọ́ kó lè jọ̀lọ̀. Mo rí i tí irin náà ń yọ jáde lábẹ́ ìdọ̀tí, funfun báláú bí omi tí oòrùn ń ràn sí. Mo ti ń wa mọ́tò láti ìgbà èwe mi, n kò mọ̀ pé nǹkan báyìí wà lábẹ́ ẹrẹ̀ tí à ń gbé kiri.

Nígbà tó kan ríìmù iwájú, ó ní kí n bu omi gbígbóná wá, pé òun fẹ́ fọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà, apá tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò. Mo ní ta ló máa ń rí ẹ̀yìn ríìmù? Ó ní, "Èmi." Ó fọ̀ ọ́. Eérú bíréèkì tó jáde níbẹ̀ dúdú bí kọfí. Lẹ́yìn náà ló ń fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ yípo, bó ṣe máa ń tọ́ ojú aṣọ tó bá hun tán. Ìka náà dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Fọwọ́ kan ibí."

Mo fọwọ́ kàn án, n kò mọ nǹkan kan. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé, n kò rí nǹkan kan. Ó ní nǹkan wà níbẹ̀. Ó fi epo kẹrosíìnì nù ún, ó fi aṣọ gbẹ ẹ́ dáadáa, ó lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ó sì fi pa ibẹ̀. A dúró. Sunniva, mo rí i tí ìlà tín-ínrín kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú funfun ṣọ́ọ̀kì náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan tí a kò rí ń fi pẹ́ńsùlù fà á. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú ibi tó sán ló ń jáde padà. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara ríìmù sínú báàfù.

Mo pe Arnfinn, mẹ́káníìkì tó wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, ó sì gòkè wá. Ó fi igi òòlù kan ríìmù ẹ̀yìn, ó dún gooro bí agogo. Ó kan ti iwájú, ó dún pọ̀, bí igi tó ti jẹrà. Ó ki ẹnu irin pẹlẹbẹ kan bọ inú ìlà náà, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìlà náà sì yà títí ìmọ́lẹ̀ fi gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní òkúta iwájú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ṣe èyí, pé ara ìta lásán ni ìyẹn ha. Ó ní inú kòtò ni a ti rí i, nígbà tí yìnyín yọ́ tí ọ̀nà sì bàjẹ́, pé ìdí tí afẹ́fẹ́ táyà náà fi ń dínkù láti ìgbà náà, tí a ń fẹ́ ẹ lemọ́lemọ́ láìmọ ohun tó ń ṣe é, nìyẹn. Ó béèrè ẹni tó ní ká tú u. Mo ní kò sẹ́ni tó ní ká tú u, àpá la fẹ́ bò. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, ríìmù yìí kò lè rọ́jú gun òkè yẹn mọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ibi tí ọ̀nà ti ń yí wálẹ̀, tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ibẹ̀ ni ì bá ti là."

Mo fẹ́ kí o ronú sí i, ọmọ mi, bí mo ṣe ń rò ó láti ìgbà náà. Bí kì í bá ṣe ti àpá yẹn, a kì bá tú àwọn ríìmù yẹn títí dìgbà ìwọ́wé, nígbà tí a máa ń pààrọ̀ táyà nítorí yìnyín. Eldrid ì bá ti wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, tí yóò máa ka iye ibi tí omi ti ń já bọ́ lára òkè bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe. Orúkọ kò sí fún ohun tó dá wa dúró, tàbí kí n sọ pé mo mọ orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti pè é bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi ni.

Ìyá rẹ jáde, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo tẹ̀ lé e, mo jókòó tì í. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n, ìdọ̀tí ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ní, "Ojú mi ni mo ń ṣàníyàn lé lórí láti ọjọ́ yìí. N kò tilẹ̀ rántí pé mo ní ọwọ́."

Ríìmù tó bá sán bẹ́ẹ̀, pọ́tì kò lè wò ó sàn. Arnfinn gé e sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó, ó sì bá wa rí irú rẹ̀ kan lára mọ́tò tí wọ́n ti pa tì. Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ìyá rẹ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òun máa kùn. Ó mú káàdì tí a fi ń ta ayò lálẹ́ Sátidé, ó kì wọ́n yí ká láàárín táyà àti ríìmù kí ọ̀dà má baà ta sí táyà. Ó fín ọ̀dà ìpìlẹ̀, ó fín àwọ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dúró kí ọ̀kan gbẹ kó tó fín òmíràn, ó sì fi fáníṣì tó ń mú kó dán kẹ́yìn. Ó ti ilẹ̀kùn pa nítorí àtíkè òdòdó igi tó wà nínú afẹ́fẹ́, kò sì jẹ́ kí n sín. Àwọ̀ eérú tó ṣú ló yàn, bí omi fíọ́ọ̀dù, òkun tó ya wọ àárín àwọn òkè, ṣe máa ń rí kí òjò tó dé. Nígbà tí Arnfinn wá dè wọ́n padà, ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì láti wò wọ́n dáadáa, kò sì mọ èyí tí òun mú wá nínú wọn.

Lánàá, mo ń mu kọfí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Ìyá rẹ ní kí n wọ bàtà. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù là ń lọ. A dé ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá. A dé ìdí òkè, ó gùn ún. Yìnyín ṣì ga ju mọ́tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà lápá òkè, omi sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo. Lórí téńté, ó dúró, a sì sọ̀ kalẹ̀. Mo wo ibi tí ọ̀nà ti ń yí lọ sísàlẹ̀, mo wo ọ̀gbun náà, ẹyẹ kan ń fò kọjá nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá, omijé ló wá. Ìyá rẹ dì mí lápá mú títí ó fi tán.

Mo wá ní ká padà sílé, pé ó ti ṣe tó. Ó ní, "Ilé kò ní sá lọ." Ó wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí dé etí omi. Ó lọ bá ọkùnrin tó ń gba ọkọ̀ ojú omi sí èbúté, ó sì sọ fún un pé ọmọ ọmọ òun obìnrin ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé òun fúnra òun ló máa wá gbé e. Kò tún mẹ́nu ba ilé títà mọ́.

Kí Ọlọ́run tó ṣọ́ wa láìjẹ́ pé a mọ̀ máa ṣọ́ ìwọ náà. Kí ọ̀nà rẹ dán, kí ohun tó fara sin tó lè pa ọ́ lára hàn sí ọ kó tó dé. Kí o rí ọmọ rẹ dàgbà, kí òun náà sì rí ọ di arúgbó.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Torbjørn.

Àfikún: Ìyá rẹ ti ka ìwé yìí, ó ní mo sọkún jù nínú rẹ̀. Ó ní kí o fi fìlà òwú tó nípọn sínú àpò Eldrid, nítorí òun fẹ́ ṣí fèrèsé mọ́tò sílẹ̀ lórí òkè kí ọmọ náà lè gbọ́ ìró omi.