Ìka Tí Ẹ Tẹ̀ Sórí Ìwé Owó Orí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Èmi Adérónkẹ́ ọmọ yín ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Port Harcourt níhìn-ín. Mo kí Bàbá Àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí, mo kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí àwọn ọmọ mẹ́ta tí olóògbé ẹ̀gbọ́n mi Adétóún fi sílẹ̀: Bọ́lá, Kúnlé àti Fúnmi kékeré. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀délé náà. Inú ń bí mi sí wọn, ṣùgbọ́n èèyàn kì í tìtorí ìbínú má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ìjọ ni lẹ́tà mi gbà dé ọ̀dọ̀ yín lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo èyí tí mo ti ń kọ tẹ́lẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ni wọ́n ń kà á sí yín létí, nítorí pé ẹ kò mọ̀wé, àwọn sì ni tíṣà ilé wa. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé wọ́n ń fo àwọn ibì kan. Ibi tí mo bá ti kọ iye tí mo fi ránṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń fò. Èyí tí a tẹ̀ jáde yìí kò ṣeé fò, torí bí Bọ̀ọ̀dá bá fò ó, ìyàwó katikíìsì á kà á, bí òun náà bá fò ó, odindi ìjọ á kà á.

Iṣẹ́ mi ń lọ dáadáa. Ẹ rántí pé láti Èkó ni ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ti kó wa wá síbí nígbà tí àwọn sójà ìjọba gba Port Harcourt yìí tán. Ìdí owó oṣù ni mo ṣì wà. Èmi ni mo ń ṣírò owó àwọn òṣìṣẹ́ etíkun, èmi náà ni mo sì ń yọ owó orí wọn kúrò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, nítorí náà ẹ lè mọ iye èébú tí mo ń jẹ. Òjò ibí kò mọ̀gbà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ajé kó má dá títí di Ọjọ́bọ̀, aṣọ kì í gbẹ, bàtà aláwọ á sì di funfun nínú àpótí. Yàrá kan ni wọ́n fún mi ní ilé ẹ̀yìn nínú ọgbà ọ̀gá kan ní GRA. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti sá lọ nígbà ogun, ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n máa lò ó lọ, pé "Na God give you." Mo ní Ọlọ́run kò bá mi sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ orúkọ ẹrù náà sínú ìwé, tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, mo sì tò wọ́n sí kọ̀rọ̀ de ẹlẹ́rù. Ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe rí nìyẹn. N kì í fi orúkọ mi sórí ohun tí kì í ṣe tèmi, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tirẹ̀ sórí tèmi.

Àárò yín ń sọ mí, Ìyá mi. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń gbọ́ Yorùbá tó dánmọ́rán, torí àwọn ọmọ tí àwọn èèyàn wa bí síbí, Pidgin ni wọ́n fi ń sunkún. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, èmi ni mo sì ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ náà. Sìsí Rìsíìtì ni wọ́n sọ mí. Bí ẹnìkan bá ra òróró ṣílè méjì, mo ní kó mú ìwé wá. Bí àwọn obìnrin abúlé Rumuodara tó ń ta gàrí fún wa kò bá mọ̀wé, mo ní kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé àwọn jọ olè ni. Nígbà tó yá, aláìmoore kan lọ sọ fún ìjọba pé a ń ta panla àwọn ọmọ náà lọ́jà. Wọ́n wá yẹ ìwé wa wò láti òkè dé ilẹ̀, wọn kò rí àléébù kankan, wọ́n dìde, wọ́n sì kí wa. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń mú rìsíìtì wá kí n tó béèrè.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí nìyí. Lọ́dọọdún ni òṣìṣẹ́ ń kọ fọ́ọ̀mù owó orí. Àyè kan wà nínú rẹ̀ fún ọmọ tí èèyàn ń bọ́, ìjọba á sì dín owó orí onítọ̀hún kù nítorí wọn. Láti ọdún mẹ́ta tí Àǹtí Adétóún ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀run, orúkọ Bọ́lá, Kúnlé àti Fúnmi ni mo ń kọ síbẹ̀. Pọ́ùn mẹ́ta ni mo ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, ní orúkọ Bọ̀ọ̀dá, kí wọ́n fi ra oúnjẹ àti bàtà, kí wọ́n sì fi san owó ilé-ìwé. Ìyá mi, ṣé wọ́n ka ìyẹn sí yín rí?

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá owó orí ránṣẹ́ pè mí. Ó ní báwo ni obìnrin tí kò lọ́kọ ṣe ní ọmọ mẹ́ta lórí fọ́ọ̀mù. "Sister, woman no dey carry dependant. Na man dey carry am." Mo ní tó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń gbé e, kí ọkùnrin náà wá gba ẹrù lórí mi. Mo da àjákù ìwé mọ́nì-ọ́dà ọdún mẹ́ta sórí tábìlì rẹ̀, kò sí oṣù kan tó fò. Ó kà wọ́n, ojú rẹ̀ rọ̀, àmọ́ ó fa ìwé kan yọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ọ́fíìsì owó orí Ìbàdàn, nítorí pé ó ti kọ̀wé béèrè. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀délé ni. Ọmọ kan tí wọ́n bí, àti mẹ́ta ti Adétóún, ó pé mẹ́rin géérégé, iye tí ìjọba ń gbà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn nìkan ló ń bọ́ àwọn ọmọ náà. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ìka yín ni mo rí. Mo dá àpá ibi tí ọ̀bẹ ti gé yín nídìí ẹ̀gẹ́ mọ̀, ó la àárín ìtẹ̀ka náà kọjá. Mo sunkún lójú ọ̀gá náà, ojú sì tì mí.

N kò bá yín wí. Ní ilé wa, ìyá kì í bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú ìwé. Ọmọ á ní níbí ni, ìyá á tẹ ìka, á wá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka yẹn ló sọ mí di òpùrọ́ lójú ìjọba. Wọ́n fún mi di ìparí oṣù tó ń bọ̀ kí n mú ẹ̀rí wá láti ọwọ́ yín, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n ó dá owó ọdún mẹ́ta padà pẹ̀lú ìtanràn, wọ́n á sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì mi. Ẹni tó ń ṣírò owó orí àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n wá ní ó purọ́ lórí tirẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé wọn kò ní fi í sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà.

Mo kọ̀wé sí Bọ̀ọ̀dá, wọ́n sì dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n san owó náà, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn, pé wọ́n fẹ́ fi àwọn jẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ń bínú nítorí owó orí lọ́dọ̀ yín, pé kì í ṣe àsìkò yìí ni èèyàn ń ru eruku sókè. Wọ́n ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ní ń bá a wò ó. Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n igba èèyàn kọ́ ló tò sí pósófíìsì lóṣooṣù. Wọ́n tún ní obìnrin tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò lọ́kọ, kó yéé ka ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn dùn mí dé egungun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pinnu pé n kò ní dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nítorí náà, ìwé tuntun kan wà lọ́wọ́ ìyàwó katikíìsì, tó sọ pé èmi ni mo ń fi owó bíbọ́ àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ lóṣooṣù. Kí ẹ ní kó kà á fún yín, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ilé wa tún un kà. Bí ohùn méjèèjì bá bára mu, tí ẹ sì rí i pé òótọ́ ni, kí ẹ tẹ ìka yín sí i. Ẹ̀yin ìyá yòókù tó ń gbọ́ èyí, ẹ̀yin náà ẹ má tẹ ìka sórí ohun tí wọn kò kà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ààyò ọmọ yín ló gbé e wá. Láti oṣù yìí lọ, owó àwọn ọmọ kò gba ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé tí àwọn ọmọ náà ń lọ ni owó ilé-ìwé ń lọ tààrà, wọ́n á sì fi orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan já rìsíìtì. Owó oúnjẹ ń bọ̀ ní orúkọ tiyín.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹsẹ̀ yín kò ní ro yín. Á fún Bọ̀ọ̀dá ní ipò tí wọ́n ń wá, kó má jẹ́ lórí irọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ sì fọwọ́ pa Fúnmi lórí.

Bí ẹ kò bá sì lè tẹ ìka náà, nítorí pé ọmọ yín ni Bọ̀ọ̀dá náà, n kò ní bínú sí yín. N ó san owó ọdún mẹ́ta náà pẹ̀lú ìtanràn rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ bá sì dé, n ó tún kọ Bọ́lá, n ó kọ Kúnlé, n ó kọ Fúnmi, ẹni tó bá wù ú kó máa pa á rẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Adérónkẹ́