Síkáàfù Tí Mo Yá Shirin

Hamburg, ọjọ́ Ẹtì, oṣù kọkànlá 2006

Wọ́n ti sin ìyá Shirin ní Tehran láìsí òun níbẹ̀. Lónìí, bí èmi àti ẹ̀ ṣe parí ẹrù dídì níbi iṣẹ́ wa ní Billbrook, mo sìn ín lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kó lè lọ wo ibojì. Iran ò gba fọ́tò obìnrin tó ṣí orí sílẹ̀. Ogún ọdún rèé tó ti wé síkáàfù kẹ́yìn, kò ní ẹyọ kan. Funfun tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo yá a.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ya fọ́tò yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń sunkún.

"Màmá mi ló ní kí n sá. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n bò mí lórí mọ́." Ó wojú mi. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń fipá mú ẹ?"

Mo ní kò sẹ́ni. Kíá ni mo dáhùn.

Mo délé, mo fọ síkáàfù náà, mo sá a sórí Heizung, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Dámi ọmọbìnrin mi rí i, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi so síkáàfù yẹn mọ́ ọn lórí, tó ń kọ̀, tó ń ké pé, "Mama, nein!"