Obìnrin Inú Fóònù àti Máàpù Baálé Mi

                                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ pín bẹ́ǹṣì kan títí a fi jáde ìwé mẹ́fà,

Ṣé ara ti le báyìí? Orúnkún ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti bàbá wọn? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn rẹ ti ríṣẹ́, mo bá ọ yọ̀. Tètè ní kó ra bàtà fún ọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń náwó. Àwa náà wà, ooru nìkan ló ń bá wa jà.

Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí. O mọ̀ pé òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan ni mò ń tà. Olóko ńlá kan ní ìgbèríko jíjìn ló ní kí n kó ọ̀ọ́dúnrún wá fún òun. Bí wọ́n bá dé láàyè, yóò máa gbà lọ́dọ̀ mi lóṣooṣù. Bí oòrùn bá pa wọ́n lọ́nà, kí n má wulẹ̀ pe òun mọ́. Mo ní kó kúkú wá kó wọn fúnra rẹ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ọkọ àkọ́bí mi ló ní ọkọ̀ tí a gbé lọ. Àna mi yìí gba obìnrin tó ń júwe ọ̀nà nínú fóònù gbọ́ ju ìyá tó bí i lọ. Baálé mi náà ní òun ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé wàhálà dé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ya máàpù ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe títì. Òun àti máàpù rẹ̀ ti jọ dàgbà, àwọn méjèèjì ti gbó níbi oríkèé.

Bàbá jókòó síwájú, ó tẹ́ máàpù bo gíláàsì débi pé abẹ́ rẹ̀ ni àna mi ti ń yọjú wo títì. Àna rere ni, kò jẹ́ já bàbá ìyàwó rẹ̀ nírọ́. Bí bàbá bá ti ní kí a máa lọ tààrà, á dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," á wá rọra fi ohùn fóònù sókè, kí obìnrin yẹn bá òun já a nírọ́. Baálé mi bi obìnrin náà pé ọdún mélòó ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn. Obìnrin náà ní kí a yà sọ́wọ́ òsì. Èmi wà lẹ́yìn láàárín páálí, mò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òròmọdìyẹ bí ẹni ń fẹ́ ẹ sí ọba.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, máàpù àti fóònù fẹnu kò. Àwọn méjèèjì ní ọ̀nà kan wà lápá òsì tí yóò dín ìrìn wa kù sí ìdajì. Inú bàbá dùn, inú àna mi dùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Mo ní kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n jọ pa mí lẹ́nu mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe láti àárọ̀ nìyẹn.

Títì di ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ pupa di koríko, koríko di igi. Obìnrin inú fóònù ò bẹ̀rù, ó ní kí a máa lọ tààrà fún kìlómítà mọ́kànlá. Páálí ìsàlẹ̀ ti dákẹ́ jù lójú mi. Mo ṣí i, mẹ́rin ti kú.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá obìnrin kan tó ń roko àgbàdo nítòsí. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu láti rí wa. Ó ní ọkọ̀ kẹta lọ́sẹ̀ yẹn ni tiwa.

"Ìyá, ọ̀nà tó wà nínú fóònù yín yẹn," ó wí, "àwa náà ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge."

Ó ní kí a padà síbi ẹ̀rọ omi tí a ti kọjá, kí a gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Oko náà ò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Nígbà tí mo fi máa padà dé ìdí ọkọ̀, baálé mi ti fi ìka lé ìlà kan lórí máàpù, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

"Èmi ni mo fa ìlà yìí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ó ní ọ̀gá àwọn ló sọ nígbà náà pé wọn yóò la ọ̀nà ọ̀hún kí ọdún tó parí, pé kí òun kúkú fà á síbẹ̀, kí wọ́n má baà tẹ máàpù lẹ́ẹ̀mejì. Bébà ni wọ́n ń ṣọ́ ná. Àna mi ní ó jọ pé inú máàpù yẹn ni àwọn tó ṣe ti fóònù ti dà á kọ. Èmi tí mo ti ń rò pé ẹlẹ́rìí méjì la ní.

Àna mi pa fóònù, baálé mi ká máàpù, a gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Mẹ́sàn-án ló kú lápapọ̀. Olóko kà wọ́n, èmi náà kà wọ́n, ó sanwó àwọn tó ń dún. Ó ní kí n kó òmíràn wá lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí n dé kí oòrùn tó mú.

Nítorí èyí ni baálé mi ṣe kọ̀wé sí ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ la ọ̀nà náà, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́ nínú máàpù. Èsì dé lánàá. Wọ́n kí i kú iṣẹ́ takuntakun tó ṣe sẹ́yìn. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀nà náà wà dáadáa, wọ́n sì fi ẹ̀rí sínú àpòòwé: ẹ̀dà máàpù, pẹ̀lú ìbuwọ́lù tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ilé. Àna mi ní kí n kí ọ. Baálé mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àná, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun náà kí ọ.

Ẹni rẹ ni mí láti kékeré,
Ìyá Òròmọdìyẹ.