Ẹ̀rọ Ìjọba Kò Rí Ìka Ìyá Rẹ

Ilé Lockridge, Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́,
Cutter's Bend, Texas.
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kẹwàá.

Verlene, ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi tó tún jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi,

Bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́ jókòó, nítorí ìkíni mi pọ̀. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Houston, mo kí ọ kú gbígbé láàárín àwọn ènìyàn tí kì í kí ara wọn. Mo kí àwọn ọ̀gá rẹ ní ilé alájà mẹ́rìndínlógún yẹn. O sọ fún mi pé àpótí irin kan ló ń gbé yín lọ sókè láràárọ̀. Jọ̀wọ́ bá mi kí ẹni tó ń fa okùn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré, kí o sì máa fún un ní omi mu. Olúwa tó ń mú ọ gòkè yóò máa mú ọ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Kò ní jẹ́ kí àìsàn bá ọ ní ìlú tí kò sí ẹni tí yóò gbé omi gbígbóná wá bá ọ lórí ibùsùn. Àmín.

Nílé níbí, a wà. Àgbọ̀nrín ti jẹ gbogbo ẹ̀wà olójú dúdú tí a gbìn sẹ́yìn ilé, wọn kò ṣẹ́ èyí tí a ó fi ṣe irúgbìn kù. Etí ajá wa ti di pátápátá, ó ń gbó nígbà tí kò sí ẹnìkan, ó sì ń sùn nígbà tí àlejò bá dé. Wọ́n ti bọ́ simẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ Ìyáàfin Idabelle Crane, opó rere tó wà lẹ́yìn ọgbà wa, ẹni tí ohùn orin rẹ̀ dùn ju ti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò tíì lè di abẹ́rẹ́ mú.

O kò tíì gbọ́ bí ọwọ́ náà ṣe dá. Nínú oṣù Kẹjọ ni táyà ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ láàárín igbó igi páìnì, lọ́sàn-án gangan. Ọ̀dọ́kùnrin méjì dúró bí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fún wọn ní omi ọsàn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n mu ún tán, wọ́n pààrọ̀ táyà náà, wọ́n gba báàgì rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ lọ́wọ́ títí ó fi dá, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ. Inú koríko ló jókòó sí títí tí ẹni tó ń pín lẹ́tà fi kọjá. Ohun tó ń dùn ún jù lọ, bó ṣe sọ fún wa, ni omi ọsàn yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ ìyá rẹ pé kí ó gba ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń jẹ́ kí ènìyàn gbé ìbọn ìléwọ́ kiri nínú báàgì tàbí lábẹ́ aṣọ láìjẹ́ kí ojú rí i. O mọ̀ pé èmi ní tèmi, ó ti pé ọdún mẹ́tàlá. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni awakọ̀, òun ló ń gbé wa lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀nà máìlì méje. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, Ọ̀gbẹ́ni Lockridge, o mọ̀ pé nígbà tí inú bá ń bí i ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀yin lẹ ní ìbọn, ẹ̀gbẹ́ mi náà lẹ sì ń jókòó sí, ṣé ìbọn méjì la fẹ́ máa fi ra búrẹ́dì ni? Mo ní bí èmi kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ó ní níbo lẹ ń lọ? Ẹnu mi wọ́hò.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà oúnjẹ. Mo yin Ọlọ́run fún ẹja àrọ̀ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo, mo yìn ín fún obìnrin tó sè é, mo ní kí Ó rọ ọkàn rẹ̀ nípa ọ̀ràn ìwé àṣẹ. Ìyá rẹ kò ṣe àmín. Ó ní oúnjẹ ń tutù.

Verlene, ìdí tí ẹnu mi fi wọ́hò rèé. Ní oṣù Keje, dókítà fi ọkàn mi hàn mí nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, lójú ayé mi báyìí. Mo kí ọkàn náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, mo ní kí ó jọ̀wọ́ máa ṣe é lọ. Dókítà náà, ọmọ tí a kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́, mú ọwọ́ mi, ó ní ó ti rẹ ọkàn mi, pé bí mo bá la òtútù já rí ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀, kí n dúpẹ́. Ìyá rẹ wà níta, ó ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí. Nígbà tó wọlé, mo sọ fún un pé dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù. Èmi Hosea Lockridge, tí wọ́n ń pè láti abúlé mẹ́ta pé kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú, n kò rí gbólóhùn kan sọ fún obìnrin kan ṣoṣo. Ìwé àṣẹ ìbọn ni mo ń sọ dípò rẹ̀.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ìyáàfin Idabelle ló yà sí wa lọ́jọ́ kan, ó na ẹsẹ̀, ó ní Zella, jọ̀ọ́ bá mi so okùn bàtà mi. Ìyá rẹ kúnlẹ̀, ó so ó. Nígbà tí opó náà lọ tán, ó ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù wá.

Wọn kò ní fọ́ọ̀mù oníbébà mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ló wà. Kọ̀ǹpútà náà bi mí bóyá ènìyàn ni mí tàbí ẹ̀rọ. Mo kọ́kọ́ bínú, àfi ìgbà tí mo rò ó pé bóyá kò ríran dáadáa ni, mo bá ṣí fìlà, mo sún mọ́ ọn. Ó ní kí n fi kẹ̀kẹ́ hàn án nínú àwòrán. Mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án, mo sì sọ èyí tó dára jù fún un. Ó béèrè gbogbo orúkọ tí ìyá rẹ ti jẹ́ rí. Mo kọ Ozella, mo kọ Zella, mo kọ Àdàbà, mo kọ Ìmọ́lẹ̀ Ilé Mi, mo kọ èyí tí n kò lè kọ sínú ìwé tí ọmọ wa yóò kà. Ó béèrè àwọ̀ ẹyinjú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ó dà bí omi ìrèké tí a sè tó sì pọ́n, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wá là kọjá. Lẹ́tà méjìlá péré ni àpótí ìdáhùn náà gbà. Ọmọbìnrin ilé ìkàwé bá mi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tẹ dúdú-rẹ́súrẹ́sú. Èmi kò dá a lẹ́bi, kò mọ ìyá rẹ.

Ìyá rẹ lọ sí kíláàsì ìbọn, gbogbo ọjọ́ kan gbáko. Wọ́n ní kí ó yin àádọ́ta ọta sí ara bébà tí wọ́n ya ènìyàn sí. Mọ́kàndínláàádọ́ta ló bà á. Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyìn. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Lockridge, ẹ jókòó, bébà ni.

Ó wá ku ìtẹ̀ka. Ní ìlú tí kóòtù wà, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ní ojú dígí, a kì í lo yíǹkì mọ́. Ọmọdébìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọmọ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run bù kún ilé tó ti wá. Ó gbé ìka ìyá rẹ lé dígí náà, ẹ̀rọ ní rárá. Ó nu ún, ó tún gbé e lé e, ẹ̀rọ ní rárá. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò rí ọ̀kan. Mo bi í léèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń sọ pé ìyàwó mi kò sí. Ó ní rárá, Bàbá, ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí ìlà lórí ìka wọn. Ó bi ìyá rẹ pé iṣẹ́ wo lẹ ṣe rí, Mà? Ìyá rẹ ní adìyẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Verlene, ní ilé iṣẹ́ adìyẹ, nínú omi oògùn àti yìnyín, tó ń yọ egungun adìyẹ. Òun ló fi rán ọ níléèwé. Mo bọ́ síwájú, mo ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, pé èmi Díákónì Lockridge jẹ́rìí pé obìnrin yìí wà, pé mo ti ń rí i lójoojúmọ́ láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, pé kò sí ẹni tó wà tó o. Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ọmọ náà ní Bàbá, mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀rí.

Nínú ọkọ̀, ìyá rẹ na ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀, ó wò ó. Ó ní àwọn adìyẹ yẹn ti kó mi lọ sínú ọbẹ̀ àwọn ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí kò ríran mọ́.

Ọmọ náà ti sọ fún wa pé kí ó má ti ọwọ́ bọ omi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ó sì máa fi ìpara pa á láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pé ìlà lè yọ padà. Bàbá rẹ wá di afọbọ́. Mo fọ́ méjì. Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó wọ̀, a ó jókòó sí ìta ilé, yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lórúnkún, n ó máa fi ìpara pa ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ti parí ọwọ́ òsì, mo ti dé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ó ní Hosea, oṣù mélòó? Mo ní oṣù kí ni? Ó ní má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ó ní mò ń rí ọ, ẹ̀ẹ̀mejì lò ń dúró mí kó o tó dé ìdí àpótí lẹ́tà. Ìrọ̀rí mẹ́ta lò ń tò jọ kó o tó lè sùn, ṣé iyọ̀ ló fà á? Mo sọ fún un. Mo ní dókítà ní ìgbà ìrúwé. Kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní ìka mẹ́rin ló kù, pa wọ́n.

Nígbà tí mo pa wọ́n tán ló sọ pé òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ó ní gbogbo ìgbà tí o bá ti dárúkọ rẹ̀, mò ń gbọ́ pé o ń dágbére, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀. Èmi ti rò pé ìbọn ló ń bà á lẹ́rù.

A padà lọ ní ọjọ́ karùndínlógún. Ẹ̀rọ náà rí mẹ́sàn-án. Èyí tí kò rí ni ìka tí a fi ń fa ìbọn gan-an, ti ọwọ́ ọ̀tún, tó máa ń ti ọ̀bẹ lẹ́yìn. Ọmọ náà kọ àlàyé kan mọ́ ọn, ó ní yóò tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, mo sì dárí jì í.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ìwé àṣẹ náà dé, páálí kékeré tó ní àwòrán rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwé ikú fún. Ó wò ó, ó fi í sínú báàgì. Mo ní ṣé kí n gbé ìbọn kékeré tó lò ní kíláàsì sí i? Ó ti di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ. Ó ní ọjọ́ tí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi bá ṣófo ni màá gbé e síbẹ̀. Ó ní ní báyìí, wọlé jókòó, a ti ń pẹ́.

Mo jókòó, Verlene. A lọ, a sì bọ̀.

Jọ̀wọ́ fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ fún ìpara, ọ̀kan ti tán, ìkejì ti dé ìdí. Má fi í ránṣẹ́ sínú fóònù mọ́. Nígbà tí o ní owó ti wọ fóònù mi lọ́jọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbọn ọ́n gidigidi, dọ́là kan kò jábọ́. Inú àpòòwé ni kó o fi í sí, kí o sì fi ọjọ́ tí o máa wálé pẹ̀lú rẹ̀, kí èso pékáànì tó já tán lórí igi.

Mo gbọ́ pé ìwé náà kì í pẹ́ títí, pé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan wọn yóò tún béèrè ìka rẹ̀. Nígbà náà, wá fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Má jẹ́ kí ó fọ abọ́. Òsì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kí o rọra ní ìka tó kéré jù, ó ń dùn ún nígbà òtútù. Bí ó bá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, má pè é ní iyọ̀.

Ọlọ́run tí kò nílò ẹ̀rọ láti mọ àwọn tirẹ̀ yóò mọ̀ ọ́ níbikíbi tí o bá wà. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣiṣẹ́ lásán. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ kò ní ṣófo.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, afọbọ́ ilé yìí,
Hosea Lockridge.