Màámi, Ẹ Yọ Orúkọ Dúpẹ́ Kúrò Nínú Àdúrà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Mowe níbí. Mo kí Bàámi, mo kí Àǹtí Ṣadé àti ọkọ wọn. Òjò àdúgbò wa ní Lotto ń rọ̀ bí ẹni tó gba kọngílá, ẹrẹ̀ sì ti gbé bàtà mi kan mì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò kọ́ ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ Dúpẹ́ kúrò nínú àdúrà ọ̀tá tí ẹ ń gbà.

Èmi ni mo sọ fún yín lórí fóònù pé akọ̀wé iléèwé wa ní Magboro fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, ẹ tún bèèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Mo sọ méjèèjì kíákíá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Iléèwé ní kọ̀ǹpútà kan tó ń bá wa fi ímeèlì ránṣẹ́, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Ṣàdédé ni èsì ìdánwò tí a ń fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ímeèlì ń dá a padà, wọ́n ní oníjìbìtì ni wá. Àṣé ẹnìkan ń gba inú kọ̀ǹpútà wa kọ̀wé sí gbogbo ayé pé opó kan ní wúrà tó fẹ́ pín. Ọ̀gá wa bèèrè níwájú gbogbo tíṣà pé ta ni. Mo ní Dúpẹ́ ni, torí kò sí ohun tó yọ lójú kọ̀ǹpútà tí kì í tẹ̀. Ohùn ẹni tó lọ poli ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n ní kí Dúpẹ́ máa lọ sílé.

Mo pa kọ̀ǹpútà Dúpẹ́. Opó ò dákẹ́. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, opó ṣì ń pín wúrà. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ wo ibi tí àwọn ímeèlì náà ti ń wọlé. Ìta ni. Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ yẹn máa bi àlejò pé ta ló rán an wá, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo ní kó má bi ẹnikẹ́ni mọ́, lọ́jọ́ tí Ọ̀gá ń pariwo láti ilé wọn ní Arepo pé ímeèlì àwọn ò lọ. Mo fẹ́ ṣí i fún Ọ̀gá, mo ṣí i fún olè, mo sì gbàgbé láti tì í. Bí mo ṣe tì í báyìí, opó dákẹ́.

Mo lọ sílé Dúpẹ́ láti tọrọ àforíjì. Ìyá rẹ̀ ní ṣé èmi ni bọ̀ọ̀dá kọ̀ǹpútà, pé àwọn ti ń gbàdúrà kí Ọlọ́run là mí lójú kí n lè rí ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi. Màámi, mo jẹ ẹ́ tán kí n tó lè lanu sọ ọ́. Dúpẹ́ kàn bi mí bóyá kí òun tún bu ẹran kan sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo tíṣà. Mo sì ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí síta, torí gbangba ni mo ti ba Dúpẹ́ lórúkọ jẹ́. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ò lé mi, wọ́n ní ta ló tún mọ kọ̀ǹpútà náà tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ báyìí, Dúpẹ́ á dìde, á wò mí lójú, á ní kí n jọ̀ọ́ sà, òun kọ́ o. Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á máa wo bàtà mi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jèrè wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Káyọ̀dé