Omi Ti Jáde Lẹ́yìn Ilé Ìdáná Wa

Bàbá mi àtàtà, ọkọ Màmá mi,

Omi ti jáde nínú àgbàlá wa. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí yín dáadáa bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á, ọ̀rọ̀ yìí ti kún mi lẹ́nu láti àárọ̀. Kànga ni, Bàbá. Kànga tiwa, lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹ máa ń sọ pé ẹ máa gbẹ́ ẹ sí tí ẹ ò sì ráyè. Ìdajì Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló ń pọn omi kànga tí ẹ gbẹ́, ìyàwó yín ló ń tò sídìí ẹ̀rọ omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ṣì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìyẹn o.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ? Ẹ jókòó dáadáa. Kọ́lápọ̀ ni.

Kọ́lápọ̀ kan náà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, tó wá ń bà yín lórúkọ jẹ́ kiri ìlú kó lè gba oníbàárà yín. Kọ́lápọ̀ tó kánjú wọ kànga ògbólógbòó kan lọ́jọ́ náà láì sọ àtùpà sílẹ̀. Àwa ọmọdé inú ilé pàápàá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa: ẹ ó tan àtùpà, ẹ ó so ó mọ́ okùn, ẹ ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n sáré wá pè yín pé Kọ́lápọ̀ ti dákú sísàlẹ̀, ẹ sọ àtùpà yín sílẹ̀. Iná náà kú. Ẹ rí i pé ó kú, ẹ sì wọ̀ ọ́. Ẹ so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á jáde. Kí okùn náà tó padà dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti lọ.

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi yín. Kí lẹ rí lára ọkùnrin yẹn? Ká ní ọ̀rẹ́ yín ni, ǹ bá má bi yín.

Màmá ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n búra pé nǹkan kan ò ní ti ọwọ́ Kọ́lápọ̀ dé ẹnu àwọn láéláé. Òun náà sá lọ sí Ijio, a sì ń gbọ́ pé ọtí ló fi ń pa ìrònú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ó ti fayé rẹ̀ fún Jésù. Màmá kàn pòṣé.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí ló dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà wa.

“Màmá, mi ò wá tọrọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n gbẹ́ kànga fún yín.”

Màmá wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí wọ́n ṣe jáde tàwọn ti àtùpà yín lọ́wọ́, èyí tó ti wà lára ògiri ilé ìdáná látọjọ́ tí ẹ ti lọ, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Wọ́n fi etí ìró nu gíláàsì rẹ̀, wọ́n sì fi èékánná kàn án kóókóó bí ẹ ti máa ń ṣe.

“Èmi ni màá máa sọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀. Tí mi ò bá tíì fà á jáde kó ṣì máa jó, o ò wọ̀ ọ́.”

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán mi ní Ṣakí pa, mo wálé wá gbọ́ oúnjẹ fún wọn. Alájì, ọ̀rẹ́ yín nílé kejì, tí ẹ jọ máa ń jiyàn nídìí ọpọ́n ayò, ń wá di okùn mú tàwọn ti ẹ̀yìn ríro.

Nígbà tó yá, a bá àpáta pàdé. Láàárọ̀ àná, Màmá sọ àtùpà sílẹ̀, iná kú. Kọ́lápọ̀ yọ bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí kànga.

“Omi ò jìnnà mọ́, Màmá. Tí mo bá kú síbẹ̀, ẹ̀tọ́ mi ni.”

Ẹ mọ bí ìyàwó yín ṣe kéré tó. Wọ́n di ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n fà á sẹ́yìn títí tí àwọn méjèèjì fi jókòó sílẹ̀.

“Kọ́lápọ̀!” Ẹ gbọ́, Bàbá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè. “Ẹnì kan ti kú sínú kànga nítorí tìẹ. Ó ti tó. Ìwọ ò ní kú mọ́.”

Wọ́n sunkún, òun náà sunkún. Alájì ń tún okùn tí kò bàjẹ́ ṣe.

Bàbá, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù àgbélébùú, mo sì ń kọ ọ́ lórin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Inú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná wa ni ó ti yé mi. Aláìṣẹ̀ kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ò ní láti tún lọ kú, kó máa wà láàyè ló kù. Ṣé ohun tí ẹ rí nìyẹn nígbà tí iná kú? Àbí ẹ ò tiẹ̀ ro nǹkan kan, ẹ kàn lọ gbé ọmọ yín?

A so ẹ̀ka igi eléwé mọ́ okùn, a ń sọ ọ́ sílẹ̀, a ń fà á sókè, kí afẹ́fẹ́ lè yí, bí ẹ ti máa ń ṣe é. Láàárọ̀ yìí àtùpà jáde tòun ti iná. Kọ́lápọ̀ wọ kànga lọ. A ń gbọ́ dígà, a ò gbọ́ ọ mọ́, àfi orin. Orin tí ẹ máa ń kọ nísàlẹ̀ ní gbàrà tí omi bá ti kan ẹsẹ̀ yín. Mo fò sókè bí ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí lọ́jọ́ orí.

Ó gòkè tòun ti omi nínú ife. Ẹ̀yin lẹ ní onílé ló ń kọ́kọ́ mu. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Màmá. Òun náà mọ ohun tí wọ́n búra. Màmá wò ó títí. Wọ́n gbà á. Wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n sì dá ife padà fún un.

“Mu ún, ọmọ mi.”

Ó mu ún tán. Àwọn méjèèjì ní ó dùn. Èmi náà tọ́ ọ wò lẹ́yìn wọn: ẹrẹ̀ ni, Bàbá, ẹrẹ̀ lásán. Inú mi sì dùn débi pé mo tún bù sí i.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, omi yìí la máa fi se oúnjẹ. Màmá ní orí àga yín ni Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ máa jókòó sí. Àtùpà yín náà ò padà sára ògiri mọ́. Màmá gbé e lé Kọ́lápọ̀ lọ́wọ́ kó máa fi ṣiṣẹ́ lọ, iná rẹ̀ ṣì ń jó lójú ọ̀sán gangan, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó fẹ́ pa á.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń rẹ́rìn-ín, tójú rẹ̀ ò sì gbẹ.