Ẹni Tó Ya Ìgbín Òkun Sọ́tọ̀: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ràmọ́nì Abíọ́nà Ládòkun (1926–1988)

Ojú ọ̀nà Komu sí Àgọ́-Àmọ́dù ni wọ́n ti bí Bàbá wa, lásìkò ìkórè iṣu ọdún 1926. Ládòkun Òjó, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Àpọ́nlé tó ń ta ọkà bàbà ni ìyá wọn. Oko ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣu méjì lè ru ewé kan náà, kí ọ̀kan dára fún iyán, kí èkejì má ṣeé gún.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ṣakí, wọ́n sì parí ní 1942. Ní 1950, wọ́n gbé Àsíátù, ọmọ Ìgbòho, níyàwó. Ọdún 1962 ni wọ́n wọṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan létí òkun l'Ékòó, wọ́n ń ṣa ìgbín òkun lórí òkúta fún àwọn onímọ̀. Àwọn ará ilé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, ó lọ ń da ìgbín bí ẹni da màlúù.

Ìgbín kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fún ní orúkọ kan ṣoṣo, nítorí ìkarahun gbogbo wọn jọra. Ní 1979, Bàbá rí i pé àwọn kan ń yé ẹyin mọ́ òkúta, àwọn kan sì ń bí ọmọ láàyè. Wọ́n yà wọ́n sínú ọpọ́n méjì, wọ́n sì sọ fún ọ̀gá pé irú méjì ni. Ọ̀gá yìí, tí kì í fi ẹsẹ̀ kan omi òkun, ní kí ẹni tó ka ìwé mẹ́fà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó fún wọn ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n da ìgbín náà pọ̀. Inú ń bí wa bí a ti ń kọ ọ́! Bàbá dà wọ́n pọ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tó kẹ̀yìn, wọ́n tún yà wọ́n, wọn kò sì ṣíwọ́ fún ọdún márùn-ún.

Ní 1984, àlejò onímọ̀ kan gbé ẹ̀rọ dé, tó ń fi iná mànàmáná yẹ àbùdá inú ẹran wò. Ó yẹ ọgọ́rùn-ún ìgbín wò láti inú ọpọ́n méjèèjì. Àbùdá wọn yàtọ̀ pátápátá, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ àdàpọ̀. Irú méjì ni, bí Bàbá ti wí. Nígbà tí ìwé ìwádìí tí àwọn onímọ̀ kọ lórí rẹ̀ jáde, orúkọ ìyàwó ọ̀gá ni wọ́n fi sọ ìgbín tuntun. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó se tíì. Orúkọ Ràmọ́nì Ládòkun kò sí níbẹ̀. Ṣé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bàbá kọ lẹ́tà mẹ́ta, èsì kò dé. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sì wà nínú fáìlì wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1986.

Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n, akọ̀wé mọ́sálásí àdúgbò wa. Wọ́n ń bá àwọn àgbẹ̀ Àgọ́-Àmọ́dù ya èbù iṣu sọ́tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí àgbẹ̀ tó fún wọn ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Lórí àìsàn, wọ́n bi Àmúdà, ọmọ wọn, bóyá àwọn onímọ̀ ti tún ìwé ìgbín náà ṣe. Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1988.

Ìyá wa Àsíátù gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú Sàfúrátù, Àmúdà, Mọ́ládé, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìwé ọwọ́ yín yìí nìkan ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ tí orúkọ Bàbá àti ìgbín náà ti jọ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi di àkàrà.

Bàbá Sàfúrátù, ẹ̀yin lẹ yà wọ́n. Kí Ọlọ́run tó dá irú méjèèjì fi orúkọ yín pè yín wọ Alùjánnà. Ẹ sùn re o.